Fágúnwà àti Akẹ́kọ̀ọ́ tí Ìwé Kíkà Sú

Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa olùkọ́ Yorùbá ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ka ìwé tí a yàn fún wọn; àkópọ̀ ìdáhùn ni wọ́n ń há sórí wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Èmi náà ti fi ẹ̀sùn yìí kàn wọ́n rí. Ṣùgbọ́n àkókò tí mo fi kọ́ni ní ìlú Ara, ní agbègbè Ẹdẹ, mú mi wo ọ̀ràn náà lọ́nà mìíràn, àwọn ìwé D. O. Fágúnwà ni ó sì là mí lójú.

Márùn-ún ni ìtàn-àròsọ náà. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké-Oníbùdó tẹ̀ lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń yin Harry Potter ti J. K. Rowling, tí apá méje rẹ̀ jáde láàrin 1997 sí 2007, pé ó sọ ọmọ tí kò fẹ́ràn ìwé di òǹkàwé, ẹnu a máa yà mí pé a kì í rántí èyí tí ó wà nínú àpótí ìwé tiwa.

Ọ̀pọ̀ gbà pé iwin àti ebora ni ó ń fa ọmọ mọ́ ìwé wọ̀nyí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ọmọ náà ti gbọ́ nípa iwin nínú àlọ́, ó sì ti rí i nínú sinimá. Èrò tèmi ni pé etí ni Fágúnwà kọ̀wé fún. Ẹ wo bí Ògbójú Ọdẹ ṣe bẹ̀rẹ̀: Àkàrà-oògùn wá bá òǹkọ̀wé, ó ní kí ó mú kálàmù àti ìwé, kí ó máa kọ ìtàn òun sílẹ̀, nígbà tí ó padà wá, èrò ti pé jọ láti gbọ́. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ń wá àwùjọ. Àwítúnwí, àsọdùn tí ń gun ara wọn, orúkọ tí ó gùn bí oríkì: ojú tí ń kà wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ a máa kọsẹ̀, àgàgà nínú ẹ̀dà àtijọ́ tí a tẹ̀ ṣáájú àkọtọ́ 1974, níbi tí 'aiye' àti 'enia' ti ń da ọmọ ìsinsìnyí láàmú. Ẹnu kì í kọsẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí í máa sùn bí a bá ti ṣí ìwé. Mo ní kí ó dìde, kí ó ka ibi tí Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún ti yọ sí Àkàrà-oògùn. Ó ń wọ́ ohùn nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi yí padà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pariwo pé kí ó tún un kà.

Nígbà tí a dé ibi tí ìyàwó Kàkó ti dì mọ́ ọkọ rẹ̀ kí ó má bàa lọ sí Òkè Lángbòdó, tí Kàkó sì pa á, ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ṣé akọni ni ẹni tí ó ṣe èyí? Èmi kò dá wọn lẹ́kun. Ìbéèrè lámèyítọ́ gan-an ni wọ́n ń béèrè, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é ní iṣẹ́.

Ìwàásù ni ó máa ń lé wọn padà. Ọjọ́ méje ni Ìràgbèjé fi ń kọ́ àwọn ọdẹ lọ́gbọ́n, ó sì pọ̀ ju ohun tí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé lè gbé mì lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí mi, ṣùgbọ́n mo máa ń ní kí wọ́n fò ó ná. Aṣèdánwò yóò padà síbẹ̀ dandan, nítorí kò sí bí a ṣe lè jíròrò Fágúnwà láìkan ẹ̀kọ́ ìwà. Yóò wá padà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti mọ àwọn tí a ń bá wí.

Kí sáà náà tó parí, ọmọ tí í máa sùn yìí wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ti gbọ́ pé ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-oògùn, wà nínú Igbó Olódùmarè, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá mo ní ẹ̀dà kan tí òun lè yá.