Ẹní Bíni Là Á Jọ: Ojú Ẹsẹ̀ I. K. Dáíró nínú Orin Jùjú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹní bíni là á jọ. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń pa bí ọ̀rọ̀ bá kan I. K. Dáíró àti àwọn olórin jùjú tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni a sì sábà máa ń mú wá: Blue Spots ni Dáíró sọ ẹgbẹ́ rẹ̀, nígbà tí Sunny Adé dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, Green Spots ni ó pè é. Òtítọ́ ni pé Adé fi orúkọ náà júbà ọ̀gá. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣe orin. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ọmọ jogún, inú ilé ni yóò wọ̀.

Kì í ṣe Dáíró ni ó dá jùjú sílẹ̀. Túndé King ti ń kọ ọ́ sínú awo ní àwọn ọdún 1930. Ohun tí Dáíró, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ṣe ni pé ó kó orin ìlú rẹ̀ àti orin ìjọ Aládùúrà wọ inú jùjú. Lílé àti ègbè di òpómúléró: olórí lé e, àwọn elégbè gbà á, gángan tún un wí. Ó fi ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà kọrin láìtijú, ó sì kọrin ní èdè ẹ̀yà mìíràn ní Nàìjíríà. Awo kékeré ìgbà náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, nítorí náà kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ta ni ó wá gba kí ni? Nínú orin Ebenezer Obey, tí ó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1964, àdúrà àti òwe ṣì wà, ṣùgbọ́n òwe ti di ìtàn gígùn. Nínú orin Adé, ègbè àti gángan gbilẹ̀ ju ti Dáíró lọ. Ṣùgbọ́n àkọ́díọ̀nù tí a fi mọ Dáíró kò di òpó orin àwọn méjèèjì. Ohùn òkè tí Adé fi ń kọrin, ọ̀dọ̀ Túndé Nightingale ni ó ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Dáíró.

Nítorí náà, n kò fara mọ́ àwọn tí ń pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn Dáíró ní aláfarawé. Olè a máa kó gbogbo rẹ̀; akẹ́kọ̀ọ́ a máa ṣà. Síbẹ̀, ohun kan sọnù tí ó dùn mí. Nígbà tí awo ńlá dé, orin kan lè gba ojú awo tán. Yíyin olówó kò ṣàjèjì sí Dáíró, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta kò jẹ́ kí ó lè ka orúkọ ènìyàn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀yin tí a jọ ń múra àti kọ́ni, ẹ jẹ́ kí a gbé awo méjì kalẹ̀ níwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí a bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni ọmọ mú, kí ni ó yí padà, kí ni ó kọ̀? Ẹní bíni là á jọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bàbá nìkan ni ó bí ọmọ.