Iron Chef àti Iṣẹ́ Ilé Oúnjẹ

Eré ìdíje oúnjẹ sísè ti ilẹ̀ Jàpáánì tí ayé mọ̀ sí Iron Chef, èyí tí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán Fuji gbé jáde láti 1993 títí di 1999, dùn-ún wò lóòótọ́. Wọn a ṣí aṣọ lórí èlò ọbẹ̀ kan tí a ti fi pa mọ́. Láàárín wákàtí kan, alásè méjì a fi í dá oríṣiríṣi àrà. Lójú tiwa, àrà yìí gan-an ni àléébù eré náà.

Chen Kenichi, tí ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, jogún ilé oúnjẹ Shisen Hanten ní Tokyo, èyí tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1958. Mapo tofu, ìyẹn wàrà sóyà tí a fi ata àti ẹran lílọ̀ sè, ni a fi mọ ilé náà. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ lánàá kò wá àrà lónìí. Bí ó ti rí lánàá gan-an ni ó ń fẹ́. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, ó di ilé oúnjẹ ẹlòmíràn. Àṣetúnṣe ni iṣẹ́ náà, láti orí àlùbọ́sà rírẹ́ ní àárọ̀ dé orí ìkòkò fífọ̀ lóru. (Ta ni yóò tilẹ̀ jókòó wo ẹni tí ń fọ ìkòkò?) Akẹ́kọ̀ọ́ ìdáná tí ó bá fi eré náà ṣe àwòkọ́ṣe yóò sá níjọ́ kẹta.

Síbẹ̀, ọwọ́ tí Chen fi lo ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ńlá rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn. Ilé oúnjẹ ni ó ti kọ́ ọ.