Kí Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Wa Ń Gbé Lọ sí Òkè Òkun?

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi kan, tí a bí tí a sì tọ́ ní Ìkejì-Arákejì, mú ìwé kan tọ̀ mí wá. Ó fẹ́ lọ gba oyè kejì nínú sosiọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yunifásítì tí ó fẹ́ wọ̀ sì ti ní kí ó kọ ojú ewé kan tàbí méjì nípa ara rẹ̀ àti ìdí tí ó fi yan ẹ̀kọ́ náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi bírò pupa yín yẹ̀ ẹ́ wò." Mo gbà á, mo sì jókòó tì í.

Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà dán gbinrin. Kò sí àṣìṣe kan tí mo lè tọ́ka sí. Ọmọ náà ní láti kékeré ni ọkàn òun ti ń fà sí ìmọ̀ nípa àwùjọ. Ó ní yunifásítì ọ̀hún lókìkí káàkiri àgbáyé. Ó ní bí òun bá gboyè tán, òun yóò padà wálé wá tún orílẹ̀-èdè òun ṣe. Nígbà tí mo kà á tán, mo bi ara mi pé: ta ni ó kọ ìwé yìí? Ọmọ Ìkejì lè kọ ọ́. Ọmọ Accra lè kọ ọ́. Kódà, ẹni tí kò fi ìgbà kan rí fara balẹ̀ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ènìyàn àti ènìyàn lè kọ ọ́.

Mo ní láti jẹ́wọ́ níbí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti gba abẹ́ bírò mi kọjá láìmọye ìgbà. Èmi gan-an ni mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n yọ orúkọ ìlú wọn kúrò nítorí pé òyìnbó kò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì yọ ìtàn tí ìyá àgbà sọ kúrò nítorí pé kò jọ ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé. Nítorí náà, àríwísí tí mo fẹ́ ṣe yìí, èmi ni ó kọ́kọ́ bá wí. Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí a bá ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn àti àwùjọ ní òkè òkun, bí yóò ṣe wọlé ni ó ń jẹ wá lógún. A kì í béèrè ohun tí ó gbé dání.

Ẹ wo bí ìmúrasílẹ̀ náà ṣe rí. Ọmọ yóò ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní IELTS. Yóò gba ìwé èsì rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde. Àwọn òbí yóò tu owó jọ, wọn yóò fi í pamọ́ sí báǹkì fún ọjọ́ 28 tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là sílẹ̀, wọn yóò sì san owó físà. Ìjọ yóò gbààwẹ̀. Bí ọmọ bá sì ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, a ó ní ó ti débẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí pọn dandan, n kò sì bẹnu àtẹ́ lu ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n oyè kejì tí a ń gba inú kíláàsì gbà níbẹ̀ kì í sábà ju ọdún kan lọ. Ẹ̀kọ́ a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ní àyíká Kérésìmesì, àròkọ àkọ́kọ́ ti ń kan ìlẹ̀kùn. Olùkọ́ kò sì ní béèrè ohun tí ìwé wí nìkan. Yóò béèrè pé, "Kí ni ìwọ rí sí i? Níbo ni òǹkọ̀wé yìí kù sí?" Ọmọ tí ó ti fi ọdún mẹ́rin da nóòtì olùkọ́ kọ, tí ó sì ń dá a padà fún olówó rẹ̀ ní ọjọ́ ìdánwò, yóò dúró bí ẹni tí a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, ọdún ti yí po.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọ́ ni ó yẹ kí a ti bá irú èyí pàdé, nítorí pé àwọn baba wa níbí mọ ìrìn àjò. Òṣómàáló ni a ń pe àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Ọmọṣẹ́ a máa tẹ̀lé ọ̀gá kí ó tó dá dúró. Yóò kọ́ bí a ti ń kí àwọn ará ibi tí wọ́n ń ná, yóò sì mọ àkókò tí owó ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ju èyí lọ, kò sí òṣómàáló tí ó rin ìrìn ọwọ́ òfo. Aṣọ wà lórí rẹ̀, ó mọ iye ọ̀pá tí ó jẹ́, ó sì mọ ibi tí òwú rẹ̀ ti yi àti ibi tí ó ti fúyẹ́.

Kí wá ni aṣọ orí ọmọ Ìkejì-Arákejì? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa katakata tí ìjọba fi ń tẹ ọ̀nà, ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ní ìtòsí Ìkejì ni ẹ̀rọ náà ti kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ibẹ̀ ni ó sì sọ pé òun ti gbọ́ ohùn tí ó pe òun kúrò nídìí iṣẹ́ ọ̀hún. Ní 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà, èrò sì ń wọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Láti inú ìsọjí yìí ni ìjọ tí a mọ̀ sí Christ Apostolic Church ti gbilẹ̀. Ní 2006, yunifásítì tí ìjọ náà dá sílẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ Babalọlá pè, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkejì-Arákejì gan-an. Láti kékeré ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbọ́ ìtàn yìí ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Síbẹ̀, kò sí gbólóhùn kan nípa rẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ìyẹn kì í ṣe sosiọ́lọ́jì. Ìjọ wa ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé mi dìde lọ sí ìdí pẹpẹ ìwé mi. Mo mú Aladura, ìwé tí John Peel gbé jáde ní 1968, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Peel nígbà tí ó wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní agbedeméjì àwọn ọdún 1960 láti ṣe ìwádìí lórí ìjọ Christ Apostolic Church àti ìjọ Kérúbù àti Séráfù. Ó tún padà wá, ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1973 sí 1975, ó sì kọ Ijeshas and Nigerians lórí Iléṣà, èyí tí ó jáde ní 1983. Ohun tí ọmọ wa tì sẹ́yìn pé "ìjọ wa ni," òun ni ẹlòmíràn rìn ọ̀nà jíjìn wá bá, tí ó sì fi di ọ̀mọ̀wé.

Ẹ tún wo Karin Barber. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ ní Cambridge kí ó tó wá sí Òkukù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí náà, ní àárín àwọn ọdún 1970. Ó gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ó gbọ́ Yorùbá débi pé ó fi í kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ṣeré lórí ìtàgé. Ìwé rẹ̀ lórí oríkì, I Could Speak Until Tomorrow, jáde ní 1991. Akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni òun náà. Ọ̀dọ̀ wa ni òkè òkun tirẹ̀. Ó gbé ohun kan wá láti ilé, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ ọ láti ka ewì. Nígbà tí ó gbé e ka iwájú oríkì, ó rí i pé ọ̀nà náà kò tó. Ibi tí kò tó yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

N kò sọ èyí láti fi bínú àlejò. Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Àwọn méjì yìí fi tiwọn ríran nítorí pé wọ́n jókòó, wọ́n sì béèrè. Ọmọ Yorùbá náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1939, N. A. Fádípẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní London School of Economics, ìgbé ayé àwọn Yorùbá sì ni ó fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ẹrù ilé ni ó gbé lọ. Ó kú ní 1944. Ọdún 1970 ni Ibadan University Press tó tẹ iṣẹ́ náà ní ìwé. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni aṣọ náà fi wà ní kíká.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa. Jíjẹ́ ọmọ ilé nìkan kò tó. Ọmọ tí ó mọ ìtàn ìjọ rẹ̀ lórí tí kò sì lè bi ìtàn náà ní ìbéèrè kan, ẹ̀rí ni yóò lọ jẹ́ ní kíláàsì. Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ wọn pé àfojúdi ni kí ọmọdé yẹ ọ̀rọ̀ àgbà wò. Àwa tí a ń kọ́ wọn ni a gbin ẹ̀rù náà sí wọn lọ́kàn. A wá ń sọ pé àṣà wa ni. Àṣà wo? Orúkọ awo tí ó dá Ifá ni ọ̀pọ̀ ẹsẹ Ifá fi ń bẹ̀rẹ̀, kí a tó gbọ́ ẹni tí a dá a fún. Ẹni tí ó bá ń dárúkọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ti pààlà sí àárín ohun tí ó gbọ́ àti ohun tí òun alára fẹ́ sọ. Nítorí àìmọ ààlà yìí ni wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ wa mìíràn ní olè ní òkè òkun, nígbà tí ó jẹ́ pé dída nóòtì kọ ni a fi kọ́ wọn.

Ẹnìkan lè wí pé iṣẹ́ àti ìgbé ayé tí ó rọ̀ṣọ̀mù ni ọmọ ń wá lọ, pé kí n yé fi ìmọ̀ da ọ̀rọ̀ rú. Òótọ́ ni, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láti san owó ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì lọ fi ọdún kan jẹ àjẹtúnjẹ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ó ti náwó náà méjì.

Nítorí náà, mo dá ìwé ọmọ náà padà fún un. Mo ní kí ó lọ kọ ọ́ ní Yorùbá ná, kí ó sì gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó rò pé mo ń fi ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ṣeré. Mo rán an létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì tìtorí rẹ̀ rẹ̀yìn. Ó gba ìwé rẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà wá. Ó ti lọ jókòó ti àwọn ìyá àgbà ìjọ. Ojú ewé kan péré ni ó kọ, ìlà àkọ́kọ́ sì kà pé: ta ni ó ń se oúnjẹ fún èrò tí ó wọ́ wá sí Òkè-Ooye ní 1930? Ó ní, "Bàbá, orúkọ àwọn wòlíì ni mo ń gbọ́ láti kékeré. N kò gbọ́ orúkọ ẹnìkan tí ó gúnyán. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ wọ́n?"

Mo ní n kò mọ̀ wọ́n. Mo ní kí ó lọ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti wà, kí ó má sì yọ orúkọ Ìkejì-Arákejì kúrò. Bírò pupa mi kò kan ìwé náà.