Àsíá gẹ́gẹ́ bí Àrokò: Ìṣọ̀kan àti Ìyọnisílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà

Kí ìmọ̀ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àrokò ni àwọn baba ńlá fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Bí a bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n dojú kọ ara wọn, ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ ni. Bí a bá so méjì kan náà tí wọ́n kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ìyapa ni. Owó ẹyọ kò yí padà. Bí a ṣe so ó ni ó yàtọ̀. Ojú yìí ló yẹ kí a fi wo àsíá orílẹ̀-èdè.

Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé àmì ìṣọ̀kan ni àsíá máa ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, kí àwọn ìkà tó sọ ọ́ di àmì ìyọnisílẹ̀. Ìtàn Gúúsù Áfíríkà kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Ní 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1928 ni wọ́n kọ́kọ́ ta àsíá aláwọ̀ ọsàn, funfun àti búlúù níbẹ̀. Lẹ́yìn àríyànjiyàn kíkan láàrin àwọn òyìnbó Afrikaner àti àwọn tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹnu kò láti to àsíá kéékèèké mẹ́ta sí àárín rẹ̀: ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Orange Free State àti ti Transvaal. Ìlàjà ni àsíá náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ta ni? Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ náà kò sí níbi tí wọ́n ti pa àrokò ọ̀hún. Kò sì sí àwòrán kan tó dúró fún wọn nínú rẹ̀. Ogún ọdún ni èyí fi ṣáájú ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti ọdún 1948. Ìṣọ̀kan àwọn kan gan-an ni ìyọnisílẹ̀ àwọn yòókù.

Àwọn tó ń gbèjà àsíá àtijọ́ a máa sọ pé ogún baba àwọn ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́kàn ẹni tó gbé e dání. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ àrokò kò parí sọ́wọ́ ẹni tó pa á, ó tún wà lọ́wọ́ ẹni tí a pa á ránṣẹ́ sí. Ní 2019, Adájọ́ Phineas Mojapelo dá ẹjọ́ pé ọ̀rọ̀ ìkórìíra ni fífi àsíá náà hàn láìnídìí; ní 2023, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i ní ti gbangba.

Àsíá tí Frederick Brownell ya, tí wọ́n ta ní 27 oṣù Kẹrin ọdún 1994, gba ọ̀nà mìíràn. Àwọ̀ mẹ́fà ló ní. Ẹ̀ka méjì tó ti ẹ̀gbẹ́ òpó wá pàdé di ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìjọba kò fún àwọ̀ kankan ní ìtumọ̀ kan pàtó, èyí sì ni agbára rẹ̀: ẹnikẹ́ni lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, lábẹ́ àsíá yìí kan náà ni àwọn àjèjì láti ilẹ̀ Áfíríkà ti fojú winá ìkọlù ní 2008 àti 2019, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kan fi ní láti padà wálé. Àsíá tó dojú kọ gbogbo ọmọ onílẹ̀ lè kẹ̀yìn sí àlejò.

Nítorí náà, kò tó kí alámèyítọ́ bèèrè ohun tí àwọ̀ àsíá dúró fún. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé: ta ni àsíá dojú kọ, ta ló sì kẹ̀yìn sí?