Ìka Ló Ń Ra Ìbọn

Bí ọdẹ tó mọṣẹ́ bá fẹ́ ra ṣakabùlà ní Ìlá Ọ̀ràngún, kì í tètè béèrè owó. Á gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, á ti ọ̀pá ìkìbọn bọ ẹnu rẹ̀ kó lè dá a lójú pé kò sí ẹ̀tù níbẹ̀, kò sì sí ọta. Ìgbà tí ìyẹn bá yanjú ni yóò tó gbé òòlù rẹ̀ sókè, tí yóò fi àtàǹpàkò kan di òòlù náà mú kó má baà já bọ́ lójijì, tí yóò wá máa fi orí ìka fa ìfà ìbọn náà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń tà á lè máa yin igi rẹ̀, pé igi àpá ni, pé ìṣó bàbà tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára ń dán. Ọdẹ kò ní dá a lóhùn. Bí ìfà yẹn bá ń ha irin, tó ń dúró lọ́nà, tó tún ń sún síwájú, á rọra dá òòlù padà sáyè rẹ̀, á ní, “Ó dáa, ẹ máa gbé e lọ.” Ọ̀rọ̀ owó kò tíì wáyé rárá.

Bàbá òǹkọ̀wé yìí wà lára irú àwọn ọdẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò ṣọdẹ. Ìbọn ìléwọ́ ló ń yìn, páálí ló sì ń ta, nínú ẹgbẹ́ ayìnbọn kan ní ìpínlẹ̀ Texas. Síbẹ̀, ohun tí ọmọ ń wá lára ìbọn kò yàtọ̀ sí ti bàbá. Nínú gbogbo ohun tí owó lè rà lára ìbọn tí a fẹ́ máa fi ta ojú àmì, ìfà ló yẹ kí owó kọ́kọ́ bá. Owó ọ̀hún sì ní ibi tó yẹ kó mọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń náwó kọjá ibẹ̀.

Ní Ìlá fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó lè kàn jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ fún eré ìdárayá. Òfin Ìbọn tí Nàìjíríà ṣe ní 1959, tó ṣì wà nínú ìwé òfin di òní, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kìíní ni ìbọn ìléwọ́ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn arọ̀jò-ọta àti àgbá ológun. Àfi kí Ààrẹ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i. Òfin náà tilẹ̀ dárúkọ ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ tó ń fi òkúta ṣáná, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé tòun yàtọ̀. Ìbọn ọdẹ òyìnbó àti ìbọn tó ń fi atẹ́gùn ta ọta wà ní ìpín kejì, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ló ń fún èèyàn níwèé àṣẹ wọn. Ìpín kẹta ni ṣakabùlà. Òun náà nílò ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò nílò.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìlú òkèèrè ni ọmọ Ìlá tó bá fẹ́ràn nǹkan yìí ti ń bá ìbọn ìléwọ́ pàdé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò rọrùn. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan yìnbọn pa ọmọ ilé-ìwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane, ní Scotland, ní March 1996, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin méjì ní 1997 tó gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ aráàlú. Nígbà tí London gbàlejò ìdíje Òlíńpíìkì ní 2012, àṣẹ àkànṣe ni wọ́n fi jẹ́ kí àwọn ayìnbọn kó tiwọn wọlé. Lára ohun tó kù fún Yorùbá tó ń gbé ní Peckham ní London ni ìbọn ìléwọ́ onátẹ́gùn, àti, bó bá rí láísẹ́ǹsì gbà, ìbọn ìléwọ́ tí à ń ti ẹnu rẹ̀ kì. Ìyẹn máa ń pa òǹkọ̀wé yìí lẹ́rìn-ín: ìbọn àtẹnukì tí òfin Nàìjíríà fi sílẹ̀ fún ọdẹ Ìlá, irú rẹ̀ náà ni òfin Gẹ̀ẹ́sì dá sí.

Ní Amẹ́ríkà, àpò ẹni ni òfin tó le jù. Àbúrò kan, ọmọ Ìlá tó ń gbé ní Houston, pe òǹkọ̀wé yìí láti inú ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan wà níbí tó ń lọ ní 550 dọ́là, ìkejì lé ní 1,500. Ṣé ìyàtọ̀ wọn tó bẹ́ẹ̀ ni?”

“Ṣé wọ́n ti jẹ́ kí o fà wọ́n?”

“Mi ò tíì fà wọ́n o. Mò ń wò wọ́n ni.”

“Gbé fóònù sílẹ̀, kí o lọ fà wọ́n.”

Kí ni yóò máa wá? Ìfà ìbọn ìdíje tó dáa sábà máa ń ní ipele méjì. Ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá: ìka á tẹ̀ ẹ́, á máa bọ̀ wẹ́rẹ́ títí yóò fi kan nǹkan. Ibẹ̀ ni ayìnbọn ti máa ń dúró, tí yóò fi wo irin ìfojúsùn iwájú bóyá ó wà láàárín ti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀. Ìfà kò ní sún mọ́. Yóò kàn já ni, bí ẹni ṣẹ́ igi ìṣáná gbígbẹ. Bó bá já tán, kò tún gbọdọ̀ sáré lọ sẹ́yìn, torí ìsáré yẹn ló ń ti ẹnu ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ọta kò tíì jáde. Ibi mẹ́ta tí ìka ti ń gbọ́ ìbọn nìyẹn. Kò sí èyí tí ojú lè rí nínú wọn, kò sì sí èyí tí fọ́tò inú ìwé ìpolówó lè fi hàn.

Ìṣirò ohun tí ìfà burúkú ń bà jẹ́ rèé. Nínú ìdíje ìbọn onátẹ́gùn ti mítà 10, àmì róbótó tó ní máàkì 10 kò ju mìlímítà 11.5 lọ ní fífẹ̀. Ká ní àlàfo tó wà láàárín irin ìfojúsùn iwájú àti ti ẹ̀yìn jẹ́ mìlímítà 320. Bí ìka bá já ìbọn gbà débi tí irin iwájú fi yẹ̀ ní mìlímítà kan péré, ọta yóò yẹ̀ ní bí i mìlímítà 31 lórí páálí. Ẹni tó fojú sun 10 yóò gba 7. Mìlímítà kan!

Àwọn kan wá rò pé ìfà tó bá fúyẹ́ jù ló dáa jù. Ìdíje kò gbà bẹ́ẹ̀. ISSF, àjọ tó ń ṣàkóso eré yìí lágbàáyé, ní ìfà ìbọn ìléwọ́ onátẹ́gùn kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju gírámù 500 lọ. Ti mítà 25 gbọ́dọ̀ tó 1,000. Wọn kì í sì í fẹnu béèrè. Òṣìṣẹ́ á gbé irin òṣùwọ̀n sílẹ̀, wọ́n á fi ìfà kọ́ ọ, ẹnu ìbọn á dojú kọ òkè, wọ́n á wá gbé ìbọn náà sókè. Bí irin bá kúrò nílẹ̀ tí ìfà kò já, ìbọn yege. Bó bá já, kí olóhun lọ tún un ṣe. Nítorí náà, ìwúwo kan náà ni ẹni tó ra ti 900 dọ́là àti ẹni tó ra ti 2,500 ń fà. Ọta 60 ni wọ́n ń ta nínú ìdíje náà. Ohun tó yẹ kí owó ńlá yẹn rà ni pé kí ìfà tó já fún ọta ìkẹyìn má yàtọ̀ sí èyí tó já fún ti àkọ́kọ́.

Ẹ fi wé Glock 17 tí ọlọ́pàá ń lò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ìfà rẹ̀ ń béèrè agbára bí i kílò méjì ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ ìbọn náà fúnra rẹ̀, láìsí ọta nínú rẹ̀, kò tó kílò kan. Kì í ṣe àléébù. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà ta lọ́wọ́ ẹni tí ìdààmú bá. Ẹni tó rà á torí páálí ló ra ohun tí wọn kò ṣe fún páálí.

Ọ̀rọ̀ owó wá dé. Nínú ìbọn ọlọ́ta kékeré tí wọ́n ń pè ní .22, ilé iṣẹ́ Ruger gbé tiwọn àkọ́kọ́ jáde ní 1949, 37 dọ́là ààbọ̀ ni wọ́n ń tà á. Mark IV tó jáde ní 2016 jẹ́ ọmọ inú ìdílé kan náà, èyí tí wọ́n ṣe fún ojú àmì nínú rẹ̀ sì ń lọ ní 500 dọ́là sókè. Ibi tí a bá rán ọta rẹ̀ ló ń lọ. Lójú òǹkọ̀wé yìí, ìfà rẹ̀ nìkan ni kò tíì dé ibi tí ọta rẹ̀ dé. Ó máa ń sún díẹ̀ kó tó já. Ilé iṣẹ́ Volquartsen, ní Carroll, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ń ta irin inú tí a fi lè pààrọ̀ tirẹ̀, owó rẹ̀ sì lé ní 100 dọ́là. Bí wọ́n bá fi í sí i tán, ìka á rò pé ìbọn mìíràn ni. Smith & Wesson Model 41, tó ti wà lọ́jà láti 1957, kì í sábà nílò irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀; ìfà rẹ̀ ti ń já geere láti ilé iṣẹ́ wá. Ṣùgbọ́n 1,500 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ! Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó lé ní mílíọ̀nù méjì.

Àbúrò yẹn fa méjèèjì, ó sì padà pe. Ó ní ti olówó gọbọi dùn, pé kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tó gbà ni pé kó ra ti 550, kó ra irin inú tó dáa sí i, kó fi ìyókù ra ọta. Ìwọ̀nba ni ìka ọwọ́ tuntun lè mọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n kò lè mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìfà tó dáa àti ìfà tó dáa jù, ọta ẹgbẹ̀rún mélòó kan ni yóò kọ́ ọ.

Owó tilẹ̀ máa ń parọ́ nígbà mìíràn. Ìbọn onátẹ́gùn kékeré kan wà, Beeman P17, tí owó rẹ̀ kò tó 100 dọ́là, tí ike pọ̀ lára rẹ̀. Weihrauch HW40 ti Jámánì ni wọ́n wò ṣe é. Ìfà rẹ̀ ń dójú ti àwọn ìbọn tó fi ìlọ́po mẹ́rin wọ́n jù ú lọ. Òǹkọ̀wé yìí kì í tijú láti fi í kọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀. Lókè téńté, ilé iṣẹ́ Morini ti Switzerland fi iná bátìrì ṣe ìfà CM 162EI, kí irin má baà máa ha irin mọ́ nínú rẹ̀. Jin Jong-oh, ará Gúúsù Korea tó gba wúrà Òlíńpíìkì nínú ìbọn ìléwọ́ mítà 50 ní Beijing, London àti Rio, Morini ló lò ní Rio. Kò sí ẹni tó lè sọ pé owó yẹn ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìdíje Òlíńpíìkì Paris ní 2024, ayé pariwo Yusuf Dikeç ará Turkey, tó ti ọwọ́ kan bọ àpò, tó wọ gíláàsì lásán, tó sì gba fàdákà pẹ̀lú Şevval İlayda Tarhan. Wọ́n ní kò lo nǹkan kan. Ọwọ́ kejì ni wọn kò wò: ìbọn ìdíje gidi ló wà níbẹ̀. Àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ojú ló pa tì, kò pa ìfà tì.

Ṣakabùlà ní ohun tó fi ń kọ́ni tí ìbọn olówó gọbọi kì í fi kọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìfà rẹ̀ bá já, òòlù á balẹ̀ lórí kápù, iná á gba ihò kékeré wọ inú ẹ̀tù, ìgbà náà ni ìbọn yóò tó dún. Àlàfo yẹn kéré, ṣùgbọ́n ọ̀yà mọ̀ ọ́n, ọmọ ọdẹ náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gbé orí sókè kí ìbọn tó dún ti tàsé. Nígbà ogun Kírìjì, tí Ìlá wà lẹ́yìn Èkìtì Parapọ̀, ìbọn àtẹ̀yìnkì tí ọta, ẹ̀tù àti kápù rẹ̀ jọ wà nínú ẹyọ kan ni àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó fi ránṣẹ́ sí wọn. Àlàfo náà dín kù láti ìgbà yẹn, kò tán. Ọ̀pọ̀ ọdẹ Ìgbómìnà tó ń ṣọ́ oko lónìí ṣì ń fi ṣakabùlà ṣiṣẹ́. Ẹ kó irú wọn wá síwájú páálí, ẹ fún wọn ní ìbọn onátẹ́gùn: ẹ ó rí i pé wọ́n dúró gbọn-in lẹ́yìn tí ìfà bá já, ohun tí olùkọ́ ń fi oṣù púpọ̀ wá lára ọmọ ìlú ńlá.

Fún ẹni tí owó tuntun bá wọ̀ lọ́rùn, àlòkù ni kó wá. Ìfà ìbọn ìdíje kì í tètè gbó, ẹni tó sì ń ta ti tẹ́lẹ̀ torí ó fẹ́ ra tuntun pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ayìnbọn. Bó bá jẹ́ onátẹ́gùn, ìgò atẹ́gùn rẹ̀ ni kí a ṣọ́. Ilé iṣẹ́ máa ń kọ ọjọ́ sí i lára, ọdún mẹ́wàá ni ti púpọ̀ nínú wọn, ISSF sì ti sọ pé ayìnbọn ló gbọ́dọ̀ rí i pé ọjọ́ yẹn kò tíì kọjá. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ta ìbọn onátẹ́gùn Steyr tàbí Walther àlòkù fún yín ní ìdajì owó, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó gbà kí ẹ fà á lófìfo, kí ẹ fà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ wá yí ìgò rẹ̀ wo ọjọ́. Bí ọjọ́ bá ti lọ, ẹ yọ owó ìgò tuntun kúrò nínú iye tó pè.