Ògiri Oníhò ti Fry àti Drew

Ẹni tó bá ti Ìlaròó lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kó dúró níwájú Ilé Ìkàwé Kenneth Dike, kó wo ògiri rẹ̀ dáadáa. Kọnkéré oníhò tí wọ́n tò síta ló ń gba oòrùn sára, kí ìwé inú ilé lè wà lábẹ́ ibòji, kí afẹ́fẹ́ sì rí ọ̀nà kọjá. Tọkọtaya òyìnbó ayàwòrán-ilé kan, Maxwell Fry àti Jane Drew, ló yàwòrán rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó padà di yunifásítì náà, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1948.

Kì í ṣe ilé ìkàwé nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n yà; ilé ibùgbé náà kì í ṣe àjèjì sí wọn. Fry wà lára àwọn tó yàwòrán Kensal House, ilé alájà tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní London ní 1937. Láti 1951, àwọn méjèèjì bá Le Corbusier, ayàwòrán-ilé bíi tiwọn, ṣiṣẹ́ ní ìlú Chandigarh, Íńdíà.

Ìlànà wọn fún ilẹ̀ olóoru kò le, àmọ́ ọgbọ́n wà níbẹ̀. Kí ilé gùn, kó tẹ́ẹ́rẹ́. Kí ìbú rẹ̀ tó kúrú kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn má baà rí ògiri púpọ̀ bà. Kí yàrá má ní yàrá míì lẹ́yìn, kí atẹ́gùn tó bá gba wíńdò wọlé lè gba òdìkejì jáde. Kí òrùlé yọ síta dáadáa nítorí òjò. Ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ ni wọ́n gbójú lé.

Síbẹ̀, ẹjọ́ wọn pọ̀. Àwọn alárìíwísí ní abẹ́ òjìji ìjọba amúnisìn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́: wọ́n wọn ooru, wọ́n wọn òjò, wọn ò bi onílé bó ṣe ń gbé. Ẹ̀sùn yẹn tọ́ dé àyè kan. Ilé tí kálukú ti ní yàrá tirẹ̀ àti ilẹ̀kùn tirẹ̀ kì í ṣe agboolé tiwa, níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti jẹ́ ti gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n ní ti oòrùn àti atẹ́gùn, èmi ò rí ẹni tó lè bá wọn jiyàn.

Àwa tó ń bínú sí wọn ńkọ́? Wíńdò tí ìdajì rẹ̀ kì í ṣí la ń rà báyìí, a gé òrùlé mọ́ ògiri, nígbà tí ooru bá wá mú wa, la ó máa bú iná mànàmáná. Ẹ̀yin tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ìlaròó àti Ayétòrò, ẹ ní kí birikilà to búlọ́ọ̀kù oníhò sókè ògiri, kí kápẹ́ńtà sì jẹ́ kí páànù yọ síta dáadáa.