Àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀gá Mi

Ọ̀gá mi ò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù yẹn rárá. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà tí Màmá, oníbàárà wa, gbé síwájú wa, wọ́n sì ń wò ó bí ìyá àgbà ṣe ń wo ọmọ ọwọ́ tí ara rẹ̀ ò yá. Èmi ti tú àpò irinṣẹ́, bátìrì tuntun ti wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ṣẹ́jú sí mi pé kí n dá a padà. Ìgbà tí ẹ̀pà tán, wọ́n gbọn ọwọ́, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo ló máa ń já?"

Wọn ò béèrè pé kí ló ń ṣe é. Àwọn mẹ́ta tó wá ṣáájú wa ti béèrè ìyẹn. Ẹni àkọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì. Ẹnì kejì fọ Windows dànù, ó tún gbé òmíràn lé e, àlọ́ méjì tí Màmá ti tẹ̀ parí sì bá a lọ. Ẹnì kẹta ní kí wọ́n lọ ra láptọ́ọ̀pù, pé kọ̀ǹpútà náà ti di kóńdẹ́ẹ̀mù.

Ọdún 2021 ni, ní Ìjagun, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Màmá ti ń kọ́ni ní Yorùbá níbẹ̀ láti ìgbà tó ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, kí wọ́n tó sọ ọ́ di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin ní 2005. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àlọ́ tí wọ́n ti kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀. Kọ̀ǹpútà wọn, tòkunbọ̀ onírin dúdú ni, ó ga dé orúnkún. Windows 7 ló wà nínú rẹ̀, èyí tí Microsoft ti jáwọ́ nínú àbójútó rẹ̀ láti oṣù Kìíní 2020, nítorí náà Màmá kì í so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Àlọ́ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ wọn tó wà ní London ló fi kíbọ́ọ̀dù aláìlówáyà ránṣẹ́, kí wáyà má baà máa kọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Màmá ronú díẹ̀. Wọ́n ní, "Tí mo bá ń fi iṣẹ́ pamọ́ ni."

"Síbo, mà?"

"Sínú àpótí kékeré yìí."

Háàdì dísíkì àfikún ni, ọmọ kan náà ló rà á. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn.

Kí Ọ̀gá tó di oníkọ̀ǹpútà, rédíò ni wọ́n ń tún ṣe ní Òkè-Àje ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìtàn kan wà tí kò sí ọmọọṣẹ́ tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Rédíò bàbá kan máa ń ké lálaalẹ́. Onírédíò méjì ti tú u, wọ́n ti yọ ohun tí wọn ò mọ̀ ọ́n dá padà. Ọ̀gá gbé àpótí síwájú ilé bàbá náà, wọ́n jókòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí àwọn obìnrin ṣe ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú ata, ẹ̀rọ ìlọta tó wà lẹ́yìnkùlé gbóhùn sókè, rédíò náà gbóhùn tirẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe rédíò. Ariwo aládùúgbò ló ń gbọ́. Wọ́n gbé e kúrò ní yàrá ẹ̀yìn lọ sí pálọ̀ iwájú, ó parí, bàbá náà sì fún wọn ní àkùkọ kan tí wọ́n ṣì máa ń dárúkọ títí dòní.

Rédíò náà ni kíbọ́ọ̀dù aláìlówáyà. Gígáhátísì 2.4 ló fi ń sọ̀rọ̀, ojú ọ̀nà kan náà tí Wi-Fi, Bluetooth àti ẹ̀rọ máíkíróweefù ń gbà. Bluetooth gbọ́n díẹ̀: láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó lè fò ní ìgbà 1,600 láti ojú ọ̀nà kan sí òmíràn nínú mọ́kàndínlọ́gọ́rin, kí ariwo má baà bá a níbì kan. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ki káàdì USB 3.0 bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà àgbà yìí, ibẹ̀ ni háàdì dísíkì wà. USB 3.0 ń sáré ní gígábíìtì 5 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá, ariwo tó ń dá sílẹ̀ bó ṣe ń sáré sì ń ṣubú sórí 2.4 gan-an. Ilé iṣẹ́ Intel kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2012. Ọ̀gá ò ka ìwé Intel. Ẹ̀rọ ìlọta ló kọ́ wọn.

Bátìrì, pípa á tan án, síso ó pọ̀ ní ọ̀tun: ẹ̀yin náà mọ ìyẹn, n ò ní tún un sọ. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Nǹkan kékeré tí a ń kì bọ ihò USB, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, dongle ni àwa ọmọ ìsọ̀ ń pè é. Ọ̀gá ń pè é ní etí. Wọ́n ní kí Màmá máa tẹ ìlà kan ṣoṣo lọ láìwo ọwọ́: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ìlà kan, ìlà méjì, ó di ogún. Mo rò pé wọ́n ń fi olùkọ́ àgbà ṣeré ni. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Lẹ́tà Òyìnbó, bọ́tìnì kan, ó tán. Ṣùgbọ́n nínú Unicode, ọ ní àyè tirẹ̀, ẹ náà ní tirẹ̀; ọ̀ àti ẹ́ ò ní. Àmì ohùn gbọ́dọ̀ wá lọ́tọ̀ kó wá gun orí lẹ́tà. Lórí àtẹ bọ́tìnì tí Màmá ń lò, ìtẹ̀ bí mẹ́ta ni kí ọ̀ ẹyọ kan tó jáde. Bí etí bá gbàgbé ìtẹ̀ kan péré, àmì kan á jábọ́, ẹ ó sì rí i lójú ìwé kedere. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dán an wò lè tẹ ojú ewé kan kó má mọ̀ pé ohunkóhun já. Màmá ti rí i tipẹ́, wọn ò kàn mọ ẹni tí wọn ì bá bá wí: nínú àlọ́ wọn kan, àgbẹ̀ gbé ọkọ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó mú ọ̀nà oko pọ̀n.

Bí Màmá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, tí háàdì dísíkì ò ṣiṣẹ́, Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, wọ́n da àtẹ́lẹwọ́ bo etí yẹn. Wọn ò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dà á bò ó bí ẹni fẹ́ mú labalábá láìpa á lára. Omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn, omi a sì máa gbé irú ìgbì yẹn mì. Bí ìsopọ̀ bá lágbára, àtẹ́lẹwọ́ ò ní dí i lọ́wọ́, àmì á máa pé. Bó bá jẹ́ pé etí bèbè ló dúró sí tẹ́lẹ̀, ọwọ́ yẹn ló máa tì í ṣubú. Ìlà Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pá lórí: ọkọ, ọkọ, ọkọ. Lẹ́tà o kan tiẹ̀ tò lọ bí ìjàlọ títí dé òpin ìlà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń dúró sí, wọ́n á ní, "Àní sẹ́, ìsopọ̀ ò dáa." Ọ̀gá ò dúró. Wọ́n ní kí n máa kó fáìlì ńlá kan lọ sínú háàdì dísíkì. Wọ́n ká àtẹ́lẹwọ́ kúrò lórí etí, wọ́n wá fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ dúró bí ògiri láàrin etí àti wáyà háàdì dísíkì. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń jẹ́, n ò ní purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ náà ó jẹ́. Ìlà mẹ́ta jáde pẹ̀lú gbogbo àmì wọn. Wọ́n yọ ọwọ́, ìlà kẹrin pá. Wọ́n dá a padà, ìkarùn-ún pé. Màmá dáwọ́ ìtẹ̀ dúró, wọ́n yọ ìgò ojú wọn.

Ó ti wá yé wa ibi tí ariwo ti ń wá. Ọ̀gá mú wáyà USB kúkúrú jáde, wọ́n so etí mọ́ orí rẹ̀, wọ́n ń fà á jìnnà díẹ̀díẹ̀: ìka mẹ́rin, ìlà márùn-ún, ìka mẹ́rin sí i, ìlà márùn-ún sí i. Wọn ò fò ju ìka mẹ́rin lọ. Èmi ti fẹ́ kí wọ́n kàn fà á wá sórí tábìlì kí a máa lọ, nítorí òjò ti ń ṣú. Wọ́n ní ẹni tó bá fò ò ní mọ ibi tó ti yanjú, ọjọ́ tí wọ́n bá sì sún tábìlì ni wọ́n á tún pè é padà.

Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọwọ́ yẹn. Ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, mo da àtẹ́lẹwọ́ bo etí kan títí, ó ń já, mo yọ ọwọ́, ó ń já, mo ti ń wá èrò sí i. Ọ̀gá ń wò mí láti orí àga wọn. Wọ́n ní, "Kúrò níbẹ̀. Ìwọ lo ń dá a." Àárín kíbọ́ọ̀dù àti etí ni mo dúró sí pẹ̀lú gbogbo ikùn mi.

Àwọn ìgbà mìíràn wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó ń já tí ẹ bá ti oúnjẹ dé, kọ̀ǹpútà ló ń mú kí ihò USB sùn. Ẹ yọ àmì tó gbà á láàyè láti pa ihò náà nínú Power Management, ó tán. Èyí tó ń já tí iná bá lọ sílẹ̀ tí fáànù ń yí bí arúgbó, páàkì iná kọ̀ǹpútà ni kí ẹ wò. N ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó mọ́. Ọmọkùnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi á ti fọ Windows kó tó bi oníbàárà lórúkọ. Driver tó bá rí níbikíbi ló ń gbé lé e. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n sì ń tà nísinsìnyí, òmíràn ò lórúkọ, kò ní nọ́ńbà. Bí etí rẹ̀ bá sọnù, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ nù, nítorí kò ní gba etí mìíràn láé. Bátìrì wọn fúyẹ́ lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Wọ́n ní Ìjẹ̀bú ò fẹ́ náwó. Kí ni ẹni tó ra kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta láàrin ọdún kan ń ṣe, nígbà tí wáyà kúkúrú kan ì bá tó o?

Ojú Ọ̀gá ò ríran dáadáa mọ́, wọ́n ti gbé ìsọ̀ sílẹ̀ fún wa. Iléyá tó kọjá mo lọ kí wọn. Kí n tó dìde ńlẹ̀ níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, wọ́n ti bi mí bóyá Màmá ṣì ń tẹ àlọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, orí kọ̀ǹpútà yẹn náà ni.

Wọ́n ní, "Ìgbà wo ló já gbẹ̀yìn?"

Mo ní láti ọjọ́ yẹn, kò tíì já.

Ẹ̀yin tí tiyín bá ń já, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi kíbọ́ọ̀dù nìkan sínú ọ̀rá gbé wá bá mi. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà wá, ẹ gbé gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ wá, kí ẹ sì kọ àkókò tó ń já sínú ìwé.